Ipa Tí Èròjà Inú Igbó Ń Ní Lórí Ẹyinjú Ẹranko

Ìfáàrà
Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Lára àwọn àrùn tí ó ń sọ ènìyàn di afọ́jú ni gilakóómà, èyí tí kì í sábà fi ara hàn títí tí ìríran yóò fi dínkù. Láti ọdún 1971 tí Hepler àti Frank ní Amẹ́ríkà ti kéde pé ìfúnpá inú ojú àwọn tí ó fa igbó lọ sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé igbó ni oògùn àrùn yìí. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé èròjà inú igbó kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tí ọ̀kan ń tún ṣe, èkejì lè máa bà á jẹ́. Ìwádìí lára ẹranko ni a ó fi gbe ọ̀rọ̀ wa lẹ́sẹ̀.

Ìfúnpá Inú Ojú
Omi mímọ́ kan wà níwájú inú ẹyinjú. Bí ó ti ń sun wọlé ni ó ń ṣàn jáde. Bí ọ̀nà àbájáde rẹ̀ bá dí, ìfúnpá yóò ga, yóò sì máa ba iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́. Iṣan yìí kì í hù padà bí ó bá ti kú. Ìdí nìyí tí dídín ìfúnpá kù fi jẹ́ olórí ìtọ́jú gilakóómà.

Ohun Tí Ìwádìí Fi Hàn
Èròjà méjì tí ó gbajúmọ̀ jù nínú igbó ni THC, tí ó ń pa ènìyàn bí ọtí, àti CBD, tí kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2018, Straiker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Indiana kán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí ojú eku. THC dín ìfúnpá ojú akọ eku kù ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 fún wákàtí 8. Ipa rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ lára abo. Ní ti CBD, ńṣe ni ó gbé ìfúnpá sókè ní nǹkan bí ìdá 18 nínú 100, ó kéré tán fún wákàtí 4. Bí àgádágodo ti ń dúró de kọ́kọ́rọ́ ni CB1 àti GPR18 ṣe wà lára ẹran inú ojú tí THC fi ń rí iṣẹ́ ṣe. CBD a sì máa ṣe ìdènà fún THC níbẹ̀.

Síbẹ̀, CBD kì í ṣe ọ̀tá ojú pátápátá. Ní ọdún 2003, El-Remessy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Georgia rí i pé THC àti CBD dáàbò bo iṣan ẹ̀yìn ojú eku tí a fún ní májèlé.

Àgbálọgbábọ̀
A ti rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni THC àti CBD, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò bára mu. Eku kì í ṣe ènìyàn. Àmọ́ ìkìlọ̀ inú ìwádìí yìí tó fún ọlọ́gbọ́n. Nǹkan bí wákàtí 3 sí 4 ni ipa igbó tí a fà ń wà lójú ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni tọ̀sán-tòru ni a gbọ́dọ̀ kápá ìfúnpá. Kí ẹni tí ó ní gilakóómà má ṣe fi igbó tàbí òróró CBD rọ́pò oògùn tí dókítà ojú fún un, nítorí ìríran tí gilakóómà bá ti gbà lọ kì í padà.