Òtútù ló gbé wáìnì Muscadet dé Nantes, òtútù náà ló tún fẹ́ẹ́ lé e lọ

Nǹkan ò fara rọ fáwọn àgbẹ̀ tó ń gbin àjàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Nantes, lápá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí odò Loire ti ń lọ sínú òkun. Muscadet ni wọ́n ń pe wáìnì funfun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Lákòókò ọdún 2000, ilẹ̀ tí wọ́n fi gbin àjàrà ọ̀hún lé ní 12,000 hẹ́kítà. Èyí tó kù báyìí ò tó 9,000. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti hú igi àjàrà tí bàbá wọn fi sílẹ̀, tí wọ́n wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Owó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń ta ọtí náà dá kún un, ṣùgbọ́n òtútù lọ̀tá wọn tó le jù.

Èyí tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé òtútù yìí kan náà ló sọ Muscadet di onílé ní Nantes. Burgundy, lọ́nà ìlà-oòrùn Faransé, ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ èso náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Melon de Bourgogne. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ò fẹ́ẹ́ rí i sójú, wọ́n ní kí wọ́n fà á tu, pé wáìnì rẹ̀ ò níyì. Àwọn oníṣòwò Họ́láǹdì ni tiwọn ń wá wáìnì funfun tí ò wọ́n, kí wọ́n lè sè é di ọtí líle. Ìgbà tí òtútù burúkú ọdún 1709 wáá jà, tó pa àjàrà rẹpẹtẹ, èyí tó lè fara da òtútù làwọn àgbẹ̀ Nantes wá gbìn padà. Bí Melon ṣe ráyè wọlé nìyẹn. Ẹ má gbàgbé o, ọtí líle wà lára ẹrù táwọn ọkọ̀ òkun Nantes ń kó wá sétí òkun Áfíríkà, títí dé Ouidah, láyé òwò ẹrú. Kò sí ìlú tó ṣòwò náà tó Nantes ní gbogbo Faransé.

Ká sòótọ́, bí èèyàn bá kọ́kọ́ tọ́ Muscadet wò, ó lè bi ara ẹ̀ pé kí ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ pariwo. Kò dùn bíi ṣúgà, kò ta sánsán bí òdòdó, ọtí inú ẹ̀ kì í sì sábà ju ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ó kàn bí ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, ó sì jọ pé iyọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú ẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ làwọn tó mọṣẹ́ fi ń fún un lára. Bó bá ti hó tán, wọn ò ní í dà á kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀, orí ẹ̀ ló máa wà ní gbogbo ìgbà ọ̀gìnnìtìn, ó di oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀lé e kó tó wọ ìgò. Ẹ wo ara ìgò náà dáadáa, tẹ́ ẹ bá rí “sur lie”, ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn.

Oúnjẹ ló ń fi iyì ọtí yìí hàn. Ẹran inú ìkarahun tí wọ́n ń pè ní oyster, táwọn ará ibẹ̀ máa ń jẹ láìsè, kò lọ́rẹ̀ẹ́ tó dà bíi Muscadet. Wáìnì pupa á máa ta bí irin lẹ́nu tí wọ́n bá fi sin ín, èyí tó sì ta sánsán jù á bo adùn òkun inú ẹran náà mọ́lẹ̀. Muscadet ò bo nǹkan kan. Iṣẹ́ tí ọsàn wẹ́wẹ́ ì bá ṣe ló ń ṣe.

Èkejì ni ẹja odò Loire tí wọ́n bu ọbẹ̀ bọ́tà tó ń jẹ́ beurre blanc lé lórí. Alásè kan, Clémence Lefeuvre, tó ń ta oúnjẹ ní La Chebuette létí odò náà ní nǹkan bí òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ sè é. Wọ́n ní ọbẹ̀ ẹlẹ́yin kan ni wọ́n fẹ́ẹ́ sè lọ́jọ́ náà, ni ẹyin bá di ohun ìgbàgbé. Àlùbọ́sà kéékèèké ni wọ́n máa rẹ́ wẹ́wẹ́, wọ́n á sè é pẹ̀lú fíníga àti Muscadet títí omi ẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, wọ́n á wáá máa fi bọ́tà tútù sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa rò ó lórí iná jẹ́jẹ́. Bí iná bá fi le pẹ́nrẹ́n, bọ́tà ti di epo nìyẹn, ọbẹ̀ bàjẹ́.

Ẹja díndín náà bá a lọ. Ọbẹ̀ tí ata pọ̀ nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ má gbé sún mọ́ ọn, ata á pa adùn ẹ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ kó tutù, ṣùgbọ́n kó má dì.

Àwọn àgbẹ̀ tó kù ò káwọ́ gbera. Lọ́dún 2011, ìjọba gbà kí wáìnì abúlé mẹ́ta, Clisson, Gorges àti Le Pallet, máa jẹ́ orúkọ abúlé wọn. Ti Clisson àti Gorges máa ń wà lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì, èyí sì ń jẹ́ kí wọ́n rówó gidi lórí ẹ̀. Adìẹ tí wọ́n fi wàrà sè ni kẹ́ ẹ fi jẹ irú ìyẹn.

Àmọ́ òtútù ò tíì gbà fún wọn. Melon le lójú ọ̀gìnnìtìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tètè máa ń rúwé, ọ̀gìnnìtìn tí ò mú bíi ti tẹ́lẹ̀ sì tún ń mú kó yá sí i. Bí òtútù òru kan ṣoṣo bá wáá bọ́ sínú oṣù kẹrin, gbogbo ọ̀mùnú náà ló máa jó. Ó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1991, ó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2008, ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2021. Nírú òru bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń to àbẹ́là ńláńlá sáàárín igi àjàrà, wọ́n á tan iná sí i, tọkọtìyàwó àtọmọ á sì wà lóko títí ilẹ̀ á fi mọ́.