Nígbà Tí Ìbọn Ṣakabùlà Bá Bàjẹ́

Kì í ṣe ilé kan tàbí méjì ni ìbọn ìbílẹ̀ wà ní àjà tàbí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé bàbá àgbà ló fi í sílẹ̀. Àwọn ọdẹ àti àwọn fijilanté náà ṣì ń gbé e kọ́ èjìká lóru káàkiri Nàìjíríà. Bí nǹkan kan bá kán lára rẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ẹni tó ni ín lọ́kàn ni pé kí òun gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń jó irin létí títì, kí wọ́n bá òun lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ló ń gba ìka àti ojú lọ́wọ́ ọlọ́bọn.

Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ìbọn yìí ti wá ná. Àwọn oníṣòwò ará Dẹ́ńmáàkì, tí wọ́n ní odi agbára ní Òṣú nílùú Àkírà títí di ọdún 1850 tí wọ́n fi tà á fún Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó kó irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìdí nìyẹn tí Òyìnbó fi ń pè é ní Dane gun. Nígbà tó yá, Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ibi tí púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Lọ́dún 1813, òfin dá ilé ìdánwò ìbọn sílẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ilé náà kò lọ́jú pọ̀: wọ́n á ki ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ sínú ọ̀pá ìbọn, wọ́n á yìn ín láìsí ẹni tó dì í mú, èyí tí kò bá bẹ́ ni wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí lára.

Ìdánwò yìí ni kò sí fún èyí tí wọ́n ń rọ nílé. Kì í ṣe pé àwọn alágbẹ̀dẹ wa kò mọṣẹ́. Ta ni kò gbọ́ òkìkí àwọn alágbẹ̀dẹ Awka nílẹ̀ Ìgbò, tí wọ́n ti ń rọ nǹkan láti ayébáyé? Irin ni ìṣòro. Páìpù omi àti ọ̀pá sítíárìn mọ́tò tó ti gbó ni ọ̀pọ̀ ń sọ di ọ̀pá ìbọn. Ẹni tó ṣe páìpù, omi ló ní lọ́kàn.

Ẹ ronú kan géèjì fọ́kánáísà. Táyà mọ́tò kékeré kì í sábà gbà ju 30 sí 35 lọ lójú rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n kan náà, bí kátíríìjì ìbọn ọdẹ òde òní bá dún, agbára tó ń ti ara ọ̀pá ìbọn láti inú lè dé 10,000. Ẹ wá fi èyí wé páìpù tó ní ojú ìjó láti òkè délẹ̀. Ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ni yóò kọ́kọ́ là, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú lásán rí i pé ó ti fẹ́ là.

Ìdọ̀tí ẹ̀tù dúdú tún wà níbẹ̀. Ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, irin á sì dípẹtà láti inú wá síta. Ìbọn tí ara rẹ̀ ń dán lè ti jẹ tán nínú. Bí ẹrẹ̀ tàbí àkísà bá dí ẹnu rẹ̀, tàbí tí ọlọ́bọn gbàgbé pé òun ti kì í tẹ́lẹ̀ tó sì tún un kì, agbára náà kò ní ríbi gbà jáde, ara ọ̀pá ni yóò bẹ́. Èyí tó burú jù, lójú tèmi, ni ti àwọn tó ń tú ẹ̀tù inú kátíríìjì sínú ṣakabùlà. Ẹ̀tù ọ̀hún kì í ṣe ọmọ ìyá ẹ̀tù dúdú rárá, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó fa ọ̀pá ya.

Àwọn kan á ní ọ̀pá kọ́ ló bàjẹ́, ibi tí ìka ti ń fà á lásán ni. Irin kékeré kan tó ní eyín ló ń di òòlù ìbọn mú títí dìgbà tí ìka bá fà á. Bí eyín yìí bá jẹ, tàbí tí sípíríǹgì rẹ̀ rọ, ìbọn lè dún nígbà tó bá ṣubú, tàbí nígbà tí ẹni tó gbé e bá fẹsẹ̀ kọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹnu rẹ̀ máa ń kọjú sí ẹni tó ń lọ níwájú. Fífi fáìlì rẹ́ eyín náà nílé kò ní tún un ṣe, ńṣe ni yóò mú kó tètè yọ.

Ẹ má sì gbàgbé òfin. Òfin ìbọn ọdún 1959 ka ṣakabùlà mọ́ ohun ìjà tó nílò ìwé àṣẹ. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 17, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa àti ọ̀mùtí kò lè rí ìwé náà gbà. Òfin kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa rọ ìbọn tàbí tún un ṣe bó ṣe wù ú. Ìyà tó wà fún ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ lọ́nà tí kò bófin mu ni owó ìtanràn 20,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹni tó gba iṣẹ́ àtúnṣe létí títì náà kò sí lábẹ́ ààbò kankan.

Kí ni kí ẹ wá ṣe sí ti bàbá àgbà? Ẹ gbà pé ó ti kún. Ẹ̀tù dúdú tí omi kò kàn kì í kú, ó lè wà nínú ìbọn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ẹni tó kì í ti lọ. Nítorí náà, ẹ má yọjú wo ẹnu rẹ̀, ẹ má kì í lọ́pàá wò, ẹ má sì gbé e wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò nítòsí, kí àgbàlagbà kan lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé báyìí ni ìbọn ṣe wà nílé, kí wọ́n wá gbé e fúnra wọn. Ó dáa kí olórí ẹbí tàbí olóyè àdúgbò tẹ̀ lé e lọ. Ẹ̀yin ìyàwó ọdẹ, bí baálé bá ní òun ń lọ lẹ ìbọn pọ̀, ẹ má dákẹ́ o.

Bí ìjàǹbá bá ti wá ṣẹlẹ̀, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i. Bí irin bá wọ ojú, ẹ má fà á yọ, ẹ má sì tẹ ojú náà, ẹ dé e lórí fẹ́rẹ́. Ìka tó bá gé, ẹ fi aṣọ tútù tó mọ́ wé e, ẹ fi sínú nylon, kí ẹ tó gbé nylon náà sórí yìnyín. Àwọn kan ń fi aláìsàn pamọ́ sílé nítorí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà. Láti ọdún 2017, òfin ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà láti gba ẹni tí ìbọn bá bà, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ láìdúró de ìwé ọlọ́pàá. Lẹ́yìn tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ilé ìwòsàn yóò fi tó àwọn ọlọ́pàá létí.