Owó Ìlú tí ó Dá Ayálégbé Dúró

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń háyà ilé mọ̀ pé bí oṣù bá ti ń parí lọ, ọ̀rọ̀ náà di ìrònú. Nígbà tí àrùn kòrónà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ ní oṣù kẹsàn-án pé kí onílé má ṣe lé ayálégbé tí kò rí owó san jáde. Àṣẹ yìí dá ìléjáde dúró, ṣùgbọ́n kò pa gbèsè rẹ́; oṣù ń gorí oṣù, onílé pàápàá sì ní gbèsè tirẹ̀ láti san.

Nítorí náà ni àwọn aṣòfin wọn ṣe ya bílíọ̀nù 25 dọ́là sọ́tọ̀ ní ìparí ọdún 2020, tí wọ́n sì fi èyí tí ó lé ní bílíọ̀nù 21 kún un ní oṣù kẹta ọdún 2021, láti fi san gbèsè owó ilé, iná àti omi fún àwọn tí owó tí ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan. Onílé ni a sábà ń san án fún. Bí ó bá kọ̀ ọ́, a lè fi í lé ayálégbé lọ́wọ́.

Owó wà, ṣùgbọ́n kò tètè dé. Ìwé tí a níláti kọ pọ̀, ọ̀pọ̀ ìlú kò sì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kí púpọ̀ nínú owó náà tó dé ọwọ́ aláìní, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti fagi lé àṣẹ ìjọba náà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2021.

Ìlú Philadelphia ṣe é dáradára. Níbẹ̀, wọ́n ní kí onílé béèrè owó ìrànlọ́wọ́ náà, kí òun àti ayálégbé sì jókòó níwájú onílàjà, kí ó tó gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Báyìí ni onílé lè rí owó rẹ̀ gbà, láìjẹ́ pé ìdílé kan sun ìta.

Àkókò tí òfin fi fún níná owó náà parí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò parí. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Gbèsè oṣù méjì ṣeé san. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kó ẹrù ìdílé sí ìta, tí ọmọ kúrò ní ilé-ìwé, tí bàbá sì pàdánù iṣẹ́, ta ni yóò ka iye tí yóò ná ìlú? Lójú tiwa, ìjọba tí ó bá fẹ́ ran ayálégbé lọ́wọ́ níláti pèsè òṣìṣẹ́ àti onílàjà sílẹ̀ kí ọjọ́ ìṣòro tó dé.