Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, ẹ ṣọ́ra: Táyà tí kò dọ́gba lè jẹ èrè yín mọ́lẹ̀

Oríta Ìwàràjà, níbi tí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè àti Adó-Èkìtì ti yà kúrò lára títì Iléṣà sí Àkúrẹ́, kì í ṣe àjèjì sí ọkọ̀ akẹ́rù. Canter àti Dyna tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu, kòkó tàbí pákó ń gba ibẹ̀ kọjá, òkè Ẹ̀fọ̀n sì ń dúró de àwọn tó bá yà sí Èkìtì. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ló ní táyà mẹ́fà: méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, tí méjì méjì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Bí ọ̀kan lẹ́yìn bá bẹ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọlọ́kọ̀ ni pé kó ra ẹyọ kan ṣoṣo, èyíkéyìí tó bá ti wọ ríìmù. Ibẹ̀ gan-an ni àdánù ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ríìmù 16 ṣe àpẹẹrẹ. Táyà 215/85R16 ga tó mìlímítà 772. 235/85R16 ga tó 806. Ìyàtọ̀ 34 yẹn kéré lójú. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà tí ńlá rìn á fi nǹkan bíi mìlímítà 107 gùn ju ti kékeré lọ. Bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀tì kan náà ló dè wọ́n pọ̀, ìkan kò lè sáré fi ìkejì sílẹ̀. Ńlá ni yóò ru ẹrù, tí yóò gbóná títí tó fi lè bẹ́; kékeré á máa wọ́ nílẹ̀, á sì tètè jẹ. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lórí òkè, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti owó táyà nìkan.

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ táyà ń tẹ̀ lé ni pé fún táyà 8.25 sísàlẹ̀, ìyàtọ̀ gíga láàárín méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 6 lọ. Bí ìyàtọ̀ díẹ̀ bá wà, èyí tó ga jù ni kó wà níta. Ẹ kíyè sí i pé táyà tuntun àti èyí tó ti jẹ tán kò dọ́gba, bí nọ́ńbà wọn tilẹ̀ jẹ́ ìkan náà. Ẹ ní kí fọkanáísà yín fún wọn ní afẹ́fẹ́ kan náà, kó sì fi téèpù yí wọn ká.

Ẹni tó bá fẹ́ ìwọ̀n tó tóbi sí i, kó pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀yìn pọ̀, kó sì rí i pé àyè wà láàárín wọn, torí ẹ̀gbẹ́ táyà máa ń wú bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Kó wo nọ́ńbà ẹrù náà pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ 118/114, kìlógíráàmù 1,320 ni táyà lè gbé bó bá dá wà, àmọ́ 1,180 péré ni bó bá ní ìkejì.

Bí owó kò bá tó ńkọ́? Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà, ẹ ra tuntun méjì, kí ẹ fi wọ́n síwájú. Ẹ wọn méjì tó kúrò níwájú, kí ẹ mú èyí tó bá ti ẹ̀yìn dọ́gba jù lọ sẹ́yìn. Èyí tó kù á di sípíà. Owó táyà méjì lẹ ná, ṣùgbọ́n ọjà yín á dé ibi tó ń lọ.