Ta Ni Yóò Jẹ́rìí sí Olùkọ́ Yunifásítì?

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, aṣọ rírán tàbí mẹkáníìkì kò lè dìde lọ́jọ́ kan kí ó sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá. Ó ní iye ọdún tí yóò lò lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó sì ní ọjọ́ òmìnira, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè ní fírídọ̀ọ̀mù, tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ yóò péjọ, tí wọn yóò gbàdúrà fún un, tí wọn yóò sì fi ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ó bá gbé pátákó síta, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè pé ta ni ó fún un láṣẹ. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni èyí: olùkọ́ yunifásítì ńkọ́? Ta ni ó ń gbà á sí òmìnira? Kí sì ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbà á?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn olùkọ́ nìkan. Òbí tí ó ta ilẹ̀, tàbí tí ó jẹ gbèsè, kí ọmọ rẹ̀ lè wọ yunifásítì ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bóyá ẹni tí ó dúró níwájú ọmọ náà mọ iṣẹ́ ìkọ́ni, àbí ìwé nìkan ni ó mọ̀. Ìmọ̀ ọ̀tọ̀, ìkọ́ni ọ̀tọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, òkè òkun ni ẹ̀rí ti ń wá. Fourah Bay College tí a dá sílẹ̀ ní Freetown ní 1827 kò lè fi oyè fún àwọn ọmọ rẹ̀ títí ó fi wọ abẹ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1876. Nígbà tí a dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn àti ní Gold Coast ní 1948, Yunifásítì London ni ó ń fi ọwọ́ sí ìdánwò wọn, orúkọ London ni ó sì wà lórí ìwé ẹ̀rí. Àǹfààní ńlá wà nínú ètò yìí, nítorí kò sí ẹni tí ó lè pe ìwé ẹ̀rí Ìbàdàn tàbí ti Legon ní ayédèrú. Ṣùgbọ́n ó ní ìnira tirẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà London kò bá kà sí ìmọ̀, kò rọrùn fún olùkọ́ ní ilẹ̀ yìí láti fi í gba orúkọ. Gánà jáde kúrò lábẹ́ ètò náà ní 1961, Ìbàdàn sì di yunifásítì tí ó dá dúró ní 1962.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Onwuka Dike, ọmọ Awka ní ilẹ̀ Ìgbò. Ní ìgbà tí ó ń ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní King's College, London, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òpìtàn Yúróòpù gbà pé ibi tí kò bá ti sí ìwé kíkọ, kò sí ìtàn níbẹ̀. Dike ka ìwé ìjọba ní àkàyé, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó gba ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ìlú etí odò Niger Delta ti jogún láti ẹnu dé ẹnu, ó sì fi ṣe ẹ̀rí pẹ̀lú. Ó gba oyè náà ní 1950. Ìwé tí ó ti inú iṣẹ́ yìí jáde, èyí tí ó sọ nípa òwò àti ìṣèlú ní Niger Delta láàrin 1830 sí 1885, di títẹ̀ ní 1956. Ní 1960 ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò ṣe olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, òun náà ni ó sì di gíwá nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà di yunifásítì, títí di 1966. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọkùnrin yìí gba ẹ̀rí lórí òṣùwọ̀n àwọn ẹlòmíràn, lẹ́yìn náà ni ó tún òṣùwọ̀n náà ṣe fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àtúnṣe náà kò tètè dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọjá lẹ́yìn tí a dá Ìbàdàn sílẹ̀ kí obìnrin kan tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà: Felicia Adetowun Ogunsheye ni, nínú ẹ̀kọ́ nípa ilé ìkàwé, ní 1973. Grace Alele-Williams, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní 1963 nínú ẹ̀kọ́ bí a ti ń kọ́ni ní ìṣirò, ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di gíwá yunifásítì ní Nàìjíríà, ní Benin City, ní 1985.

Ní òde òní, báwo ni olùkọ́ ṣe ń gun àkàbà náà ní Nàìjíríà? Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní ipò Assistant Lecturer yóò kọjá ní Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer àti Reader kí a tó pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni. Bí ó bá lo ọdún mẹ́ta mẹ́ta lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko ni yóò fi gun òkè, bí kò bá sí ẹni tí ó dá a dúró lọ́nà. Yunifásítì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ni ó ń gbé e ga. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan ipò Reader àti ti ọ̀jọ̀gbọ́n, a máa ń kó àwọn ìwé tí ó kọ ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ìmọ̀ ní ibòmíràn, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì sọ bóyá ó tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó bá di ọ̀jọ̀gbọ́n tán, yóò sọ àsọyé ìfilọ́lẹ̀ nínú aṣọ oyè rẹ̀, ẹbí àti ará a sì máa wá bá a yọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń jẹ oyè ìlú.

Àwọn aládùúgbò wa tí ń sọ èdè Faransé kò gba ọ̀nà yìí. Ní Benin, Tógò, Senegal, Burkina Faso, Côte d'Ivoire, Niger àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, àjọ kan tí a ń pè ní CAMES, tí a dá sílẹ̀ ní 1968, tí ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Ouagadougou, ni ó ń yẹ iṣẹ́ olùkọ́ wò. Ọmọ Lomé lè jókòó lórí ìwé ọmọ Dakar, ọmọ Dakar sì lè jókòó lórí ti ọmọ Cotonou. Ẹni tí ó bá yege, orúkọ rẹ̀ yóò wọ ìwé àkọsílẹ̀ àjọ náà, gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú ẹgbẹ́ yóò sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ó tó ipò bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ òfin, ọrọ̀ ajé àti ìṣègùn, ìdíje kan tún wà ní ọdún méjì méjì, tí wọ́n ń pè ní agrégation. Níbẹ̀ ni olùdíje yóò ti dìde dúró níwájú àwọn àgbà, tí yóò sì kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bí àwọn baba wa ti wí. Ọ̀nà tiwa fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní òmìnira, ṣùgbọ́n ó fi olùkọ́ sí abẹ́ ọwọ́ àwọn ọ̀gá ilé, tí wọ́n lè gbé ọ̀rẹ́ ga, tí wọ́n sì lè dá ẹni tí wọn kò fẹ́ dúró. Ọ̀nà ti CAMES mú ìdájọ́ jìnnà sí ìjà ilé, ṣùgbọ́n olùkọ́ gbọ́dọ̀ dúró de àjọ tí ó ń ṣe ìdájọ́ fún orílẹ̀-èdè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Síbẹ̀, nínú ọ̀nà méjèèjì, ìwé tí olùkọ́ kọ sínú jọ́nà ni ó wúwo jù lórí ìwọ̀n. Ẹni tí ó kọ́ ẹgbẹ̀rún ọmọ dáadáa lè wà lójú kan fún ọdún pípẹ́; ẹni tí kì í wá sí kíláàsì, bí ó bá ti ní ìwé tí ó pọ̀ tó, lè gòkè. Èyí náà ni ó bí jọ́nà ayédèrú tí ń gba owó lọ́wọ́ olùkọ́, tí kò sì sí àgbà kankan tí ń ka ohun tí wọ́n ń tẹ̀. Ìwé irú bẹ́ẹ̀ kò ṣe ìmọ̀ láǹfààní, kò sì ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láǹfààní.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà mọ ìṣòro yìí. Ní 1997, ìgbìmọ̀ tí Dearing ṣe olórí rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí olùkọ́ yunifásítì máa gba ẹ̀rí lórí ìkọ́ni fúnra rẹ̀. Nínú ètò tí ó ti ibẹ̀ jáde, tí àjọ Advance HE ń bójú tó láti 2018, olùkọ́ yóò kọ bí ó ṣe ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀, bí ó ṣe ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò, bí ó ṣe ń tún àṣìṣe ṣe. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́rìí sí i, a ó sì fi í sí ọ̀kan nínú ipele mẹ́rin. Ní Nàìjíríà, òfin 1993 ti dá àjọ tí ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, TRCN, ṣùgbọ́n ẹni tí ń kọ́ni ní físíìsì tàbí ìtàn ní yunifásítì sábà máa ń ka iṣẹ́ àjọ náà sí ti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré.

Àwa kò sọ pé kí a sọ ìwé kíkọ nù. Olùkọ́ tí kò wá ìmọ̀ tuntun mọ́, omi inú ìkòkò rẹ̀ yóò tán. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ìkọ́ni ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kí ẹlẹgbẹ́ wọ kíláàsì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó jókòó sẹ́yìn, kí ó sì kọ ohun tí ó rí. Kí a gbọ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe láti fi wọ́n dẹ́rù ba olùkọ́, bí kò ṣe láti mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Kí a kọ́ olùkọ́ tuntun ní iṣẹ́ ìkọ́ni kí ó tó dá kíláàsì dì mú. Èyí kò gba owó púpọ̀. Ìfẹ́ inú ni ó ń fẹ́.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí àwọn yunifásítì wa bá fi ọwọ́ ara wọn yẹ olùkọ́ rere sí lójú gbogbo ènìyàn, òkè òkun yóò gbà pẹ̀lú wọn. Bí a kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà jù yóò máa lọ sí ibi tí a ti ń bu ọlá fún un, àwọn ọmọ wa ni yóò sì san gbèsè náà.