Ibi Tí Àwọn Ẹyẹ Ẹ̀ẹ̀rùn Ń Lọ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti Ghana, Sàró, Gáḿbíà, Kamẹrúùnù àti gbogbo apá Nàìjíríà wá sí ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, nítorí pé ó kó ìtìjú bá mi níwájú ogójì ọmọ.

Ní oṣù kẹta ọdún tí ó kọjá, nígbà tí a rán wa lọ dán iṣẹ́ olùkọ́ wò, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kan ní ìtòsí Jos. Mo fi gbogbo ẹnu sọ fún wọn pé alápàńdẹ̀dẹ̀ kì í gbé ilẹ̀ wa pẹ́ títí. Pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, yóò fò kọjá lórí aginjù Sàhárà lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù. Ọmọ kan na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Olùkọ́, èyí tí ó fi amọ̀ kọ́lé sí abẹ́ òrùlé wa kì í lọ síbì kankan. Ìgbà òjò tí ẹ ní ó ti lọ, ìgbà náà gan-an ni ó ń pa ọmọ."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó rí èsì fọ̀, ọmọ mìíràn, tí baba rẹ̀ ń da màlúù, yọ òkú ẹyẹ kékeré kan nínú àpò rẹ̀, ó sì ya ìyẹ́ ikùn rẹ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀rá tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè ti bo ẹyẹ náà láti àyà dé ikùn. Ó ní, "Olùkọ́, ẹyẹ yìí kì í sanra báyìí nígbà ọyẹ́. Oṣù tí a wà yìí ni ó máa ń dùn ún jẹ. Kí ni ó fà á?" Èmi kò mọ̀ ọ́n. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní àyè kí n lọ wádìí. Ohun tí mo rí nìyí.

Ọmọ àkọ́kọ́ jàre. Kì í ṣe irú alápàńdẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wà ní ilẹ̀ wa. Àwọn kan jẹ́ onílé: wọ́n ń kọ́lé sí abẹ́ òrùlé àti abẹ́ afárá, wọ́n sì ń pa ọmọ níbẹ̀. Èkejì jẹ́ àlejò: ó ń dé ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, ó sì ń padà ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, kì í kọ́lé lọ́dọ̀ wa rárá. Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ẹ wo ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀fun àlejò pupa bí ilẹ̀, ìgbànú dúdú kan sì yí àyà rẹ̀ ká nísàlẹ̀ ọ̀fun náà láìjá. Ìrìn lékeléke, tí àwọn ọmọdé máa ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀, tún yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Òun náà ń rìn, ṣùgbọ́n kì í kúrò ní Áfíríkà wa: bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, yóò gbéra láti gúúsù lọ sí òkè ọya, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, yóò padà.

Báwo ni a ṣe mọ ibi tí àlejò ń lọ? Ó pẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù pàápàá kò mọ ibi tí àwọn ẹyẹ wọn ń wọ̀ nígbà òtútù. Ní 1555, Olaus Magnus, ará ilẹ̀ Sweden, tẹ àwòrán sínú ìwé rẹ̀, nínú èyí tí àwọn apẹja ti ń fi àwọ̀n fa alápàńdẹ̀dẹ̀ jáde láti inú omi, nítorí wọ́n gbà pé abẹ́ omi ni wọ́n ń sùn sí. Ní 1822 ni wọ́n pa ẹyẹ àkọ̀ kan nítòsí Klütz ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n sì bá ọ̀kọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tí ó gún ọrùn rẹ̀ ní àgúnyọ. Ẹyẹ náà ti gbé ọgbẹ́ àti ọ̀kọ̀ láti ilẹ̀ wa dé ilẹ̀ wọn. Ó ṣì wà ní Yunifásítì Rostock títí di òní.

Nígbà tí ó di 1899, olùkọ́ kan bí tiwa, Hans Christian Mortensen, tí ń kọ́ni ní Viborg ní ilẹ̀ Denmark, bẹ̀rẹ̀ sí fi òrùka fẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ ẹyẹ, ó sì kọ nọ́ńbà àti àdírẹ́sì sí i lára. Láti ìgbà náà ni àṣà yìí ti tàn káàkiri. Ní oṣù karùn-ún 1911, wọ́n fi òrùka sí ẹsẹ̀ alápàńdẹ̀dẹ̀ kan ní Staffordshire ní England. Ní oṣù kejìlá 1912, wọ́n rí òrùka náà ní Natal ní Gúúsù Áfíríkà. Iyàn parí.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sórí ẹyẹ ọmọ darandaran yẹn. Èmi kò mọ orúkọ tí àwọn baba wa ń pè é, nítorí náà n ó máa pè é ní ajùrù, nítorí pé ìrù rẹ̀ kì í sinmi. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, igbáàyà rẹ̀ dà bí ìyeyè, ẹ̀yìn màlúù ni ó sì máa ń tẹ̀ lé láti ṣa àwọn kòkòrò tí pátákò ta jáde nínú koríko. Gbogbo ajùrù kì í sì í lọ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tí orí akọ wọn dúdú kirikiri ni ó kọ́kọ́ ń lọ, ní oṣù kẹta, nítorí pé ìhà gúúsù Yúróòpù ni wọ́n ń pa ọmọ sí, níbi tí ooru ti ń tètè dé. Àwọn tí orí wọn dà bí eérú ń dúró títí di òpin oṣù kẹrin, nítorí pé Norway, Sweden àti Finland ni ilé wọn, yìnyín ò sì tíì yọ́ tán níbẹ̀. Bí wọ́n bá tètè dé, ebi ni yóò pa wọ́n.

Ta ni ó ń sọ fún wọn pé àkókò tó? Ní ilẹ̀ wa, ọ̀sán àti òru kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ara wọn lọ láti oṣù dé oṣù. Eberhard Gwinner, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Jámánì, tọ́jú irú àwọn ẹyẹ arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ sínú ilé, ó fún wọn ní ìmọ́lẹ̀ wákàtí 12 àti òkùnkùn wákàtí 12 lójoojúmọ́. Síbẹ̀, nígbà tí àkókò tó, wọ́n sanra, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fò sókè sódò nínú àgò lóru. Aago wà nínú ara wọn.

Ọ̀rá tí ọmọ náà fi hàn mí sì ni oúnjẹ ọ̀nà wọn. Ajùrù tí kò sanra wọn nǹkan bí gíráàmù 16. Kí ó tó gbéra, ó lè wọn ju 22 lọ. Àwọn ẹyẹ kéékèèké mìíràn ń di ìlọ́po méjì. Sàhárà tí ń bẹ níwájú wọn tó nǹkan bí 1,000 máìlì láti gúúsù dé àríwá, níbi tí kòkòrò ti ṣọ̀wọ́n, tí omi sì ṣọ̀wọ́n. Bí ọ̀rá náà ti ń jó nínú ara wọn ni ó ń fún wọn ní agbára, tí ó sì ń fún wọn ní omi díẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń rí ọ̀rá yìí: lára kòkòrò ẹ̀yìn màlúù wa, nínú àbàtà wa, lórí igi wa. Ìdí nìyí tí èmi kò fi tún lè pè wọ́n ní ẹyẹ òyìnbó tí ó wá ṣe àlejò. Ilé wọn jẹ́ méjì, bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, èkejì yóò dahoro.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ní 1968, òjò kò rọ̀ tó ní etí gúúsù Sàhárà. Ẹyẹ kékeré kan wà tí ọ̀fun rẹ̀ funfun, tí ó máa ń lo ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀. Nígbà tí ìgbà ìrúwé 1969 dé ní England, àwọn tí ń ka ẹyẹ rí i pé nínú mẹ́rin-mẹ́rin tí wọ́n kà lọ́dún tí ó ṣáájú, nǹkan bí mẹ́ta ni wọn kò rí mọ́. Adágún Chad, tí ó tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà onígun mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kò tó 2,000 mọ́ ní àwọn ọdún 1980. Ìdídò Tiga, tí a parí ní 1974, dín omi tí ń ṣàn lọ sí àbàtà Hadejia àti Nguru kù. Ní Ebbaken, ní ilẹ̀ Boje ní Cross River, àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ tí a fojú dá sí mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ni ó ń sùn pọ̀ sínú koríko gíga. Àwọn ará abúlé sì ti máa ń fi àtè mú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀ fún ọbẹ̀ rí.

Mo padà sí kíláàsì náà ní oṣù kẹrin, mo sì sọ gbogbo èyí fún wọn. Mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún ọmọ àkọ́kọ́ pé òun ni ó mọ̀ ọ́n, èmi kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ darandaran bi mí pé, "Bí mo bá fi í sílẹ̀ kí ó lọ, kí ni èmi yóò jẹ?" Èmi kò bá a wí, nítorí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo sọ fún un pé ẹyẹ kan ṣoṣo kò tó òkèlè, ṣùgbọ́n pé láàyè, ó ń jẹ eṣinṣin lẹ́yìn màlúù baba rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, àti pé èyí tí ó bá kú ní oṣù yìí ti la ẹ̀ẹ̀rùn já tán, ọjọ́ díẹ̀ ni ó kù kí ó gbéra. Ó ní òun kò ṣe ìlérí kankan.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì ni ó ti ń wá sọ iye ajùrù tí ó rí lẹ́yìn agbo fún mi ní òwúrọ̀, tí a sì ń kọ ọ́ sára ògiri kíláàsì. Ti olórí dúdú ti tán kí n tó padà dé. Ti olórí eérú ń dín kù: 31, 18, 7. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù náà, ó wọlé, ó ní, "Olùkọ́, kò sí ọ̀kan."

Ẹ̀yin ará, ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kan ara wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ń bà sí kò pọ̀ mọ́. Bí ẹ bá padà dé ìlú yín, ní etí odò Gáḿbíà, ní pápá àríwá Ghana tàbí ní òkè Kamẹrúùnù, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín kọ ọjọ́ tí wọ́n rí ẹyẹ ẹ̀ẹ̀rùn kẹ́yìn sára ògiri. Ìwé kan àti pẹ́ńsùlù kan tó fún iṣẹ́ náà. Bí ọmọ kan bá sì ta kò yín, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹyẹ náà wà nínú àpò rẹ̀.