Ọjà Balógun l'Ékòó: Ariwo lọ́jọ́ Ajé, ìdákẹ́rọ́rọ́ lọ́jọ́ Àìkú

Ẹni tó bá gba afárá Carter wọ Ìdúmọ̀tà láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe ọ̀nà Balógun fún un. Èrò ni yóò gbé e débẹ̀. Tó bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó lè má rí ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Níwájú rẹ̀, alábàárù tó gbé òkìtì aṣọ rù ń pariwo pé, "Ẹ yà o! Ẹrù ń bọ̀!" Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọlanke ń gbá a ní gìgísẹ̀. Kó tó mí kanlẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti dì í lọ́wọ́ mú: "Ìyá mi, ẹ bọ́ síbí. Àǹkárá wà, léèsì wà. Ẹ kàn wò ó, wíwò kì í ṣe rírà."

Ọjà yìí kò dà bí àwọn ilé ìtajà ìgbàlódé tí wọ́n mọ odi yí ká. Àdúgbò ló di ọjà. Òpópónà Balógun, Martins, Breadfruit àti Nnamdi Azikiwe, gbogbo wọn ló so kọ́ra. Ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn baba ńlá kọ́ láti máa gbé ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti wó àwọn mìíràn, wọ́n sì ti fi ilé alájà mẹ́rin márùn-ún tó kún fún ọjà rọ́pò wọn. Ẹni tí kò rówó ṣọ́ọ̀bù san, agboòrùn àti àtẹ ló fi ń tajà lójú títì. Ìjọba a máa lé wọn, àmọ́ kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń padà.

Ẹ jẹ́ kí ẹni yẹn kan náà padà wá láago méje àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Títì tí ènìyàn méjì kò lè gbà kọjá láìforí gbárí, yóò rí i pé mọ́tò méjì lè rìn níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn ilẹ̀kùn irin ti wálẹ̀, àgádágodo méjì mẹ́ta ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọdé ti fi òkúta ṣe ojú ilé, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí wọ́n ti ń ná aṣọ lánàá. Orin ìsìn ń jáde láti ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's ní Breadfruit, kò sì sí ariwo tó bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà tó ń gbé lókè ilé yóò gbé àga rẹ̀ síta, síwájú ilé baba tirẹ̀, níbi tí kò lè jókòó sí láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé.

Ẹlẹ́rù tó bá ti ìlú òkè wá ra ọjà tó ṣi ọjọ́ mú ló máa ń kábàámọ̀. Orí àpò rẹ̀ ni yóò jókòó sí di ọjọ́ kejì, àyàfi tó bá ní ẹbí l'Ékòó.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ọjà kì í ṣófo, pé bí ènìyàn bá lọ tán, àwọn ará ọ̀run ló ń ná an. Wọ́n ní ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀, tó gba àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wo ọjà, yóò rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò kanlẹ̀. Àwọn tó wà ní Balógun lóru, ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ tiwọn wà. Ọlọ́dẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ń ṣa páálí wà níbẹ̀. Alábàárù tí ilé rẹ̀ jìn náà wà níbẹ̀, ó tẹ́ páálí síwájú ṣọ́ọ̀bù tó ru ẹrù wọ̀ lọ́sàn-án, ó ti sùn lọ.

Ẹni tí kì í sùn dáadáa ni ìyá oníṣọ́ọ̀bù tó ti lọ sílé ní Ìkòròdú tàbí Agége. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fa àgádágodo wò kó tó kúrò. Owó èsúsú wà nínú ẹrù tó tì mọ́lé, owó báǹkì wà níbẹ̀, ọjà àwìn náà wà níbẹ̀. Bí fóònù bá dún lóru, iná ló kọ́kọ́ ń wá sí i lọ́kàn.

Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, iná jó ilé alájà púpọ̀ ní Balógun lójú mọmọ. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, iná tún ṣọṣẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ayé ló ń wo èéfín, ṣùgbọ́n ọkọ̀ panápaná kò rọ́nà wọlé bọ̀rọ̀ nítorí èrò, mọ́tò àti àtẹ. Lóru, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu, àmọ́ ta ni yóò tètè rí iná tó ń rú lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin? Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ wà ní Ìkòròdú. Iná mànàmáná lè lọ lọ́sàn-án, kí èèyàn gbàgbé láti pa fáànù tàbí áyọ́ọ̀nù, kí iná sì padà dé lóru pẹ̀lú agbára tó pọ̀jù. Kí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn pa gbogbo suwíìṣì kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, síbẹ̀ àwọn tó máa ń ṣe é kò tó nǹkan.

Ìdákẹ́rọ́rọ́ kan tiẹ̀ wá tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pàṣẹ pé kí àwọn ọjà tí kì í ṣe ti oúnjẹ ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà. Lọ́jọ́ mélòó kan sí i, Ààrẹ Muhammadu Buhari ní kí gbogbo Èkó jókòó sílé. Ó di ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún kí wọ́n tó dẹ òfin náà. Ó lé lọ́sẹ̀ márùn-ún tí gbogbo ọjọ́ fi dà bí ọjọ́ Àìkú. Oníṣọ́ọ̀bù ń ro eku tó lè ti wọ inú léèsì. Alábàárù àti ìyá olóúnjẹ kò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọn ìbá máa ro. Òógùn òòjọ́ ni wọ́n ń jẹ, kò sì sí òòjọ́ mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú báyìí, àwọn ọmọ á kó òkúta wọn kúrò lójú títì, ìyá àgbà á gbé àga wọlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, alábàárù á ká páálí rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, nítorí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ti ń sọ̀ nínú mọ́tò ní Ìdúmọ̀tà.